Òórùn Kànáfùrù Lẹ́sẹ̀ Bàbá Lẹ́tà

Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kọ́kọ́ gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó bẹ ọkùnrin kan lọ́wẹ̀ pé kó bá òun kọ pátákó. Orúkọ táwọn oníbàárà ti ń pè é náà ló ní kó kọ síbẹ̀. Ọkùnrin yìí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, lẹ́tà gàdàgbà, búlúù lórí funfun, àmọ́ ó ta ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo sí abẹ́ lẹ́tà tí kò yẹ kó ta á sí, ni pátákó bá ń kéde fún gbogbo àdúgbò pé Ìyá Ẹlẹ́ṣẹ̀ wà lókè. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni pátákó yẹn fi wà níta kí wọ́n tó pa àmì náà rẹ́. Aránṣọ ìsàlẹ̀ sì ń búra títí dòní pé èrò ò tíì gun àtẹ̀gùn yẹn tó ti ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti dúró láti àárọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ ilé ti sú, á gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, á bọ́ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ á nù ún, á gbé e lé itan lórí aṣọ ìnura, á bu òróró sọ́wọ́, á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti gìgísẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ kàwé. Òróró àgbọn ni ìpìlẹ̀. Orí rẹ̀ ló máa ń kán òróró olóòórùn sí: láfẹ́ńdà fún ẹni tí kò rí oorun sùn, èèpo ọsàn fún ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì, ewé tíì fún ẹni tó kàn ń fẹ́ kí ara òun fúyẹ́. Àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ méjì wà lára ògiri, wọ́n pín in sí ojú-ojú, èyí fún orí, èyí fún ikùn, èyí fún ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá ó lè wo àìsàn báyìí báyìí sàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ lọ rí dókítà. Tèmi ni kí ara tù yín. Kí ara tuni náà kì í ṣe nǹkan kékeré."

Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹnu rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn ló mọ̀ pé owú wà lára rẹ̀. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ lẹ́ran dáadáa, owú sì rí àyè jókòó sáàárín ẹran náà. Ó máa ń jowú gẹ̀rígẹ̀rí òdìkejì títì nítorí pé àwọn oníbàárà ibẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sókè. Ó jowú dókítà eyín nígbà tíyẹn ra àga tuntun. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀, á gbóná láti igbá àyà dé etí, á wá wá iṣẹ́ kan fọwọ́ ṣe.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Lẹ́tà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé báàgì lẹ́tà kọ́ èjìká, tó ń ti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fún un ní kẹ̀kẹ́, ó dá a padà, ó ní orí kẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn kí èèyàn dáadáa. Ó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ náà á ṣì máa jó lábẹ́ àga bíi pé ó ku òpópónà kan. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán, èékánná méjì ti dúdú, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ̀ láti òwúrọ̀ títí dìgbà tó bá fẹ́ sùn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé. Bí o bá bi í ní nǹkan mẹ́ta, á dáhùn ọ̀kan, ìyẹn náà á kúrú.

Ọjọ́bọ̀ kan ni nǹkan bẹ́. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù. Ọkọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, ó ká èyí tó bọ́ sórí bàtà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ kó lè mú un lọ síbi aṣọ fífọ̀, ni imú rẹ̀ bá dá a dúró.

Láfẹ́ńdà. Lábẹ́ láfẹ́ńdà, kànáfùrù.

Imú ẹlòmíì ì bá ní ọṣẹ ni. Ṣùgbọ́n imú tó ti ń bá òróró ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe imú tí wọ́n ń purọ́ fún. Ó mọ̀ pé òróró ni. Ó mọ̀ pé kò tíì pé wákàtí méjì tó débẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò ti ilé òun wá, nítorí òun kì í po kànáfùrù mọ́ láfẹ́ńdà. Kànáfùrù dà bí àlejò aláriwo, bó bá ti wọlé, ẹlòmíì ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

"Níbo lẹ lọ lónìí?" ló bi í.

"Mo kàn rìn jáde ni."

"Ẹ rìn jáde."

"Ẹsẹ̀ ò fẹ́ ìjókòó," ni Bàbá Lẹ́tà wí, ó sì na ọwọ́ sí ìwé ìròyìn.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ gbé ìbọ̀sẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé e símú lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e símú lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ohun tó ń dùn ún kọjá ohun tó lè fọ̀. Ẹnì kan ti rí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ti wẹ̀ ẹ́, ó ti nù ún, ó ti gbé e lé itan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí òun fi wà nílé ọkùnrin yìí, ẹsẹ̀ tó ń bò mọ́lẹ̀ fún òun ló lọ ń ṣí fún ẹlòmíì. Wọ́n ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ, òun náà sì ti se ọbẹ̀ débi tó yẹ kó sè é dé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé nígbà tí òun ń ṣọ́ orí tábìlì, ẹnì kan lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin náà wẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gé èékánná ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a jà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó máa ń fi lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ti sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ò ní sí níkàlẹ̀ láti aago méjì. Ó so gèlè mọ́lẹ̀ dé ojú, ó tẹ̀ lé e.

Títẹ̀lé ẹni tó ti gbé lẹ́tà kì í ṣe eré. Bàbá Lẹ́tà á rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé, á tún dúró lójijì láti kí ẹnì kan lójú fèrèsé. Níwájú ilé ìtajà àga àti bẹ́ẹ̀dì, ó dúró, ó yíjú padà. Kò síbi tí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ lè sá sí ju ẹ̀yìn mátírẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n gbé nàró sẹ́bàá ọ̀nà. Olùtajà jáde sí i.

"Ìyá, èyí ò dáa fún ẹ̀yìn yín o," ló wí. "Ti ínǹṣì mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ gbé."

"Mò ń wò ó ni," ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fèsì, ojú rẹ̀ sì wà lára ọkọ rẹ̀ tó ti dé iwájú ilé aláwọ̀ ẹyin kan ní òdìkejì. Ó kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yà fún un kó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn náà bíi pé ọmọ ìkókó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà ti ilẹ̀kùn yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi dá a mọ̀. Jẹ́jẹ́ ni, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Ká sòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn fún un kó jẹ́ àlè. Bí ó bá jẹ́ àlè, èèyàn á mọ bí wọ́n ṣe ń jà á, àwọn ẹbí á péjọ, wọ́n á bá onítọ̀hún wí. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò mọ̀ ju kó fọ abọ́ lọ. Ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi ìgúnpá wo bí omi ṣe gbóná sí, bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀kán òróró, bí wọ́n ṣe ń di ahọ́n mú lórí ohun tí oníbàárà bá sọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jọ ṣe é láìsí ìjà. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gun òkè wá, ó ní, "Ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ yẹn ráàyè? Òun ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ lára bí ẹ̀gún. Láti ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ló wà, ó ń fọ aṣọ ìnura, ó ń fọ ìgò, ó ń gbé fóònù. Lọ́jọ́ tó dán an wò, tó po kànáfùrù díẹ̀ mọ́ láfẹ́ńdà, ọ̀gá rẹ̀ dà á sí gọ́tà níṣojú rẹ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ló sọ fún un. Àkísà náà ni ọmọ ọlọ́mọ sì ń fọ̀ lóòótọ́, fún odidi oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, kìkì kí wọ́n kíra ní títì ló kù láàárín wọn.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ò sun oorun gidi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ Ajé, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ, ó ní kó bá òun tẹ ilé aláwọ̀ ẹyin yẹn láago. Aránṣọ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ni ẹsẹ̀ ń dùn. Wọ́n ní kó wá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Mo ti ń retí yín."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, mà. Mo rí yín lẹ́yìn mátírẹ́ẹ̀sì."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wo ilẹ̀. "Bàbá náà rí mi?"

"Rárá, mà. Mo ti fa kọ́tìnì."

Yàrá náà kéré, ó mọ́ tónítóní. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ jowú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó jowú àga tó máa ń rọra sùn sẹ́yìn bí wọ́n bá fa irin kan. Àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ méjì wà lára ògiri níbí náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, ó jowú gíláàsì. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì pinnu lọ́kàn pé àṣìṣe mẹ́ta péré ni òun fẹ́ rí, òun á dìde.

Ó fẹsẹ̀ kan omi. Omi náà bára mu. Jẹ́jẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kò fo àárín ọmọ ìka kankan. Ó fi òróró pa ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì kó tó kan ẹsẹ̀, kí òtútù má bàa gbá ẹni tó jókòó. Gbogbo èyí, òun ló kọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀. Ó ti ń lọ́ra jù, ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ń rò. Ẹni tó bá ń lọ́ra báyìí, èèyàn mélòó ló máa rí lójúmọ́? Àtàǹpàkò ọmọ náà wá dé ibi kan lábẹ́ ìka ńlá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Kò kúrò. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ mí kanlẹ̀, èémí náà gùn, ó sì ń lọ títí ó fi tán pátápátá, kí ọwọ́ yẹn tó sún síwájú.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Nígbà tí mo wà lẹ́yìn tí mò ń fọ aṣọ ìnura," ni Jẹ́jẹ́ wí, "mo máa ń gbọ́ èémí àwọn èèyàn láti yàrá yín. Ẹ ó tẹ̀ wọ́n, wọ́n á mí kanlẹ̀. Kí èémí yẹn tó tán, ẹ ti kọjá síbòmíì. Èrò wá ń pọ̀ lọ́dọ̀ yín nígbà yẹn. Mo máa ń rò ó pé béèyàn bá dúró dè é ńkọ́."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń dápàárá, kò sì sọ ọ́ bí ẹni ń gbẹ̀san. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ fèsì, èsì náà ti wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn tún ti dé ibòmíì, ó tún dúró. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń tẹ ẹsẹ̀ ayé, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ rí. Ó sùn lọ.

Nígbà tó jí, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ ìnura. Inú bí Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ pé òun sùn, inú tún bí i pé oorun náà dùn.

"Kí ni bàbá máa ń bá ẹ sọ níbí?" ló béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Ohun tí wọ́n bá sọ níbi ẹsẹ̀ títẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sí iwájú ọkọ rẹ̀, ó gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ ibi tẹ́ ẹ máa ń lọ ní Ọjọ́bọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Imú mi."

Bàbá Lẹ́tà fi ọwọ́ pa orí. "Mo ti sọ fún ẹ nígbà kan pé kó o bá mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. O ní ṣé ẹsẹ̀ tó o rí láti àárọ̀ ò tíì tó ni."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mi ò bínú o, Ìyá wọn. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo kàn rò ó pé mi ò ní tún sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ ò ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

"Kí n wá tò sórí bẹ́ǹṣì láàárín oníbàárà? Pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ yìí?"

"Ṣé Jẹ́jẹ́ wá ló kù láyé?"

"Ìwọ lo kọ́ ọ," ni ọkùnrin náà wí. "Mo rò ó pé níbi tí ọwọ́ rẹ ò bá ti sí, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni kí n wá lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tu Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ nínú, ó sì tù ú nínú díẹ̀, àmọ́ owú ò gbà. "Ọwọ́ rẹ̀ dáa ju tèmi lọ," ló sọ tìbínú-tìbínú. "Mo débẹ̀ lónìí. Mo sùn."

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó yàtọ̀ ni," ló wí.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ ò sọ pé kó má lọ mọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ o, ó tiẹ̀ ti la ẹnu, ṣùgbọ́n ó rántí bí ara ṣe tu òun fúnra rẹ̀ lórí àga yẹn, ojú sì tì í. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ti Jẹ́jẹ́ ni, òun á gba ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí èrò mẹ́fà ń dúró dè. Bàbá Lẹ́tà ní, "Ó dùn," àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tún ṣe é lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ó wá ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ń sọ pé ọwọ́ Ìyá ti yí padà, ó ní bóyá ojú ọjọ́ ni.

Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá Lẹ́tà sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń hanrun. Ẹsẹ̀ tó máa ń jó lábẹ́ àga dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí itan rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló wá ń rò ó pé ṣé bí bàbá yìí ṣe máa ń sùn lọ́hùn-ún náà nìyí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jí, kò jẹ́ kó nu ojú tán kó tó bi í.

"Rárá," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bí mo bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ la máa ń sọ."

Ọjọ́ méjì ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Oorun àti ọ̀rọ̀, èwo ló ju èwo lọ? Ẹni tí wọ́n ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun ni wọ́n fọkàn tán jù, àbí òun ló sú wọn? Ó tẹ ẹsẹ̀ èèyàn mọ́kànlá láàárín ọjọ́ méjì yẹn, kò rí ìdáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ ìkankan nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fa àga, ó jókòó tì í.

"Kí lẹ máa ń bá a sọ?"

Bàbá Lẹ́tà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àwọn òpópónà tí mo rìn. Àwọn tó máa ń gba lẹ́tà tí wọ́n á ní kí n bá àwọn kà á. Ajá ilé onígéètì pupa tó bù mí jẹ."

"Ajá bù yín jẹ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ara Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ gbóná láti igbá àyà dé etí, ó wá iṣẹ́ tó máa fọwọ́ ṣe, kò rí, ó bá fi ọwọ́ méjèèjì sí orí tábìlì.

"Ẹ fi ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹ má sì gé e kúrú."